Ọkùnrin tó ń súfèé bí ọdẹ

Títí dòní, bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń súfèé, ọkùnrin tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọsibítù Kàbà ni mo máa ń rántí. Ọmọ ọdẹ Òkè-Bùkún ni. Á fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nu dígí maikirosíkóòpù, á tẹjú mọ́ ọn, á wá máa súfèé wẹ́rẹ́, bí ẹni ń pe ajá padà nínú igbó.

Wọn ò tíì pẹ́ dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ nígbà náà. Ibà ti gbé ọmọ mi dé gìrì. Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n ti ń fún un lábẹ́rẹ́, ọkùnrin náà ní òun ò rí kòkòrò ibà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Fúnkẹ́, ẹ dìde. Ẹ̀ṣọ́ wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń lé ibà bí ajá ṣe ń lé ọ̀yà. Àwọn kan tún wà tó ń fọn fèrè pe ajá padà. Bí wọ́n bá tètè fọn ọ́n jù, ọ̀yà á sá lọ. Bí wọn ò bá fọn ọ́n, ajá á tú gbogbo ebè iṣu ká. Ara ọmọ yín ni ebè náà."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo lọ sílé lọ po ògì fún ọmọ.

Nígbà tí mo gbé fúláàsì dé, aṣọ ti bo ojú rẹ̀. Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù.

"Okun o, ìyá," ó kí mi bí a ṣe ń kíra wa ní Kàbà. "Ọ̀yà ti kú. Àwọn ajá ni ò gbọ́ fèrè."

Mi ò sunkún. Mo bi í bóyá á mu ògì. Ó gba fúláàsì náà, ó jókòó tì mí, ó sì mu ún tán. Kò súfèé.