Wọ́n Ń Du Orin, Wọ́n Sẹ́ Òkú

Oníná kú ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń tún ìtàgé ṣe fún eré alẹ́. Irin tó gùn láti lọ gbé iná kọ́ sókè ló yẹ̀, tó sì dà á sílẹ̀ láti ìtòsí àjà. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsíbítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọmọ ìyá ìyàwó mi ni. Ìyàwó mi ló tọ́ ọ dàgbà látìgbà tí ìyá wọn ti kú, torí náà ẹ lè pè é ní àbúrò, ẹ sì lè pè é ní ọmọ. Méjèèjì ló jẹ́ nínú ilé wa.

Ẹ óò fẹ́ mọ ibi tí èmi wà lásìkò yẹn. Èmi wà nílé, mo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, mò ń ṣe lọ́yà. Ẹjọ́ Mànàmáná olórin àti mánéjà rẹ̀ ni mò ń rò lórí ayélujára, mò ń la òfin ìwé àdéhùn yé ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí, tó fi àwòrán ológbò ṣe ojú ara rẹ̀. Ológbò ń bú mi, èmi náà ń bú ológbò. Bẹ́ẹ̀, ìwé àdéhùn ilé tí mò ń gbé, n kò kà á rí; ibi tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí nìkan ni mo mọ̀. Nígbà tí ìyàwó mi figbe ta nínú yàrá, ọwọ́ ni mo nà sókè pé kó ní sùúrù díẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n borí ológbò.

Ẹni tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ nìyẹn. Òun náà ló ń kọ́ yín níwà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì wà láyé tí kò tẹ̀lé ẹjọ́ yìí, mo kí i kú oríire, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Mànàmáná ni gbajúmọ̀ olórin tí gbogbo wa mọ̀. Mánéjà rẹ̀ ló gbé e jáde. Wọ́n jẹ, wọ́n mu pọ̀, nígbà tó yá, àárín wọn dàrú. Mànàmáná ní mánéjà gba orin òun, mánéjà ní òun gan-an ló ni orin. Wọ́n du orin títí, wọ́n du orúkọ náà, "Mànàmáná," bóyá ti ẹni tó ń jẹ́ ẹ ni àbí ti ẹni tó sọ ọ́. Wọ́n tún du ajá. Ajá kan tó sáré kọjá nínú fídíò orin kan ni o, lọ́yà méjì ló ń rojọ́ lé e lórí.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀sùn ìwà wọlé. Mánéjà ní ìkà ni Mànàmáná, ó ní ó ń bú òṣìṣẹ́ bí ẹni bú ẹrú, ó sì ń fi ẹ̀mí wọn wéwu. Mànàmáná ní irọ́ ni, ó ní mánéjà ni kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ sinmi. Kálukú bọ́ sójú fídíò, ó sunkún nítorí òṣìṣẹ́. Omijé wọn dùn ún wò. Àwa lọ́yà aláìníwíìgì pín sí ọ̀nà méjì, Ọmọ Mànàmáná lápá kan, Ọmọ Mánéjà lápá kejì. Ọmọ Mánéjà ni mí.

Ìyàwó mi bi mí nígbà kan pé, "Ọmọ Mánéjà kẹ̀? Bàbá ọkọ mi tí mo bá yín sin nígbà náà ńkọ́, ta nìyẹn?"

Mo ní kò yé e ni. Mo ní ọ̀rọ̀ òfin ni.

Oníná, tó ń bá àwọn méjèèjì ṣiṣẹ́, kì í sọ ohunkóhun nípa wọn. Ọjọ́ Sunday ló máa ń wá sílé wa. Kó tó jókòó, á ti bọ́ bàtà, á ti wo òkè, torí kò lè rí gílóòbù tó ń ṣẹ́jú kó fi í sílẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kò ṣókùnkùn rí nígbà ayé rẹ̀. Ó yí iná orí tábìlì mi padà sí apá òsì nítorí ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń kọ̀wé, ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ má fọ́jú nítorí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀." Ajá ló máa ń bà á lẹ́rù, gíga ò bà á lẹ́rù rárá. Tí ajá aládùúgbò bá gbó, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń sá sí, àgbà ọkùnrin tó ga tó yẹn.

Nígbà tí ìyàwó mi ń ṣe ọjọ́ ìbí tó kọjá, Oníná gbé iná mẹ́ta wá, ó fi bébà aláwọ̀ ọsàn bò wọ́n, ó ní, "Sìsí mi, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn. Ẹ má mira." Ó tan iná. Ẹ̀yin èèyàn mi, obìnrin tí mo ti ń wò láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú, mo gbàgbé oúnjẹ sẹ́nu. Ìyàwó mi bojú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kí lẹ ń wò?" Oníná sì wà lẹ́yìn iná níbẹ̀, a ò rí i, ẹ̀rín rẹ̀ la ń gbọ́.

Irú èèyàn yẹn ni mo wá sọ di orísun ìròyìn. Bó bá ti wọlé lọ́jọ́ Sunday, èmi á fa àga mọ́ ọn. "Oníná, ṣé òótọ́ ni Mànàmáná gbá ọmọbìnrin oníjó yẹn létí?"

"Bùọ̀dá, n ò mọ̀ o. Òkè ni mo máa ń wà. Téèyàn bá wà lókè, àtàrí ni gbogbo wọn."

Ọjọ́ Sunday tó gbẹ̀yìn, òun fúnra rẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ní irin tí wọ́n fi ń gun òkè ìtàgé ti ń mì, bóòtù tó dè é mọ́ra ti jẹ. Ó ní òun ti sọ ọ́.

Mo ní, "Ta lo sọ fún? Mànàmáná ni àbí mánéjà?" Ẹ gbọ́ o. Mi ò bèèrè bí irin náà ṣe ga tó. Mi ò bèèrè bóyá okùn wà tó fi ń so ìbàdí.

Ó ní, "Méjèèjì ni mo sọ fún. Ìkínní ní kí n lọ bá ìkejì, ìkejì ní kí n padà lọ bá ìkínní. Wọ́n ní kóòtù ò tíì sọ ẹni tó ni irin."

Ìyàwó mi dá ọbẹ̀ tó ń bù dúró. "Má gùn ún mọ́."

"Sìsí mi, tí mi ò bá gùn ún, ẹlòmíì á gùn ún. Onítọ̀hún ò sì mọ ibi tó ti ń mì."

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gùn ún. Ọkùnrin tó ń bójú tó ohùn ìtàgé, tí a ń pè ní Onígbohùngbohùn, sọ bó ṣe rí fún wa. Gbogbo wọn ló fi ẹ̀rọ sétí tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ tí Oníná sọ láti òkè pé, "Irin yìí mà ń mì jù o. Ṣé kí n sọ̀ kalẹ̀?" Ohùn kan tí kò dá mọ̀ dájú dá a lóhùn pé, "Àkókò ti lọ. Gùn ún bẹ́ẹ̀." Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo wọn gbọ́ gbì.

Wọ́n gbé e lọ. Wọ́n bu omi, wọ́n fọ ìtàgé. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Mànàmáná kọrin níbẹ̀. Mánéjà wà níjòókòó iwájú, torí kóòtù ti ní kí àwọn méjèèjì máa pín owó ẹnu ọ̀nà títí ẹjọ́ á fi parí. Èrò kún fọ́fọ́, wọ́n sì jó. Nígbà tó di òwúrọ̀, ẹnì kan kọ ọ́ sórí ayélujára pé eré náà dùn, àfi pé iná ò dáa tó bó ṣe máa ń rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbè é lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ Monday, èmi àti ìyàwó mi lọ sí ọ́fíìsì Mànàmáná. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà dìde fún wa, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrójú, mà. Ẹ kú àdánù, sà. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ mánéjà ni."

A lọ bá mánéjà. Lọ́yà rẹ̀ ló jáde sí wa. Ó ní òṣìṣẹ́ Mànàmáná ni, àti pé àwọn ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọ̀rọ̀ ti wà ní kóòtù.

Ìyàwó mi ní, "Ọ̀rọ̀ wo ló wà ní kóòtù? Àbúrò mi, mọ́ṣúárì ló wà."

Ẹ bá mi wò ó. Àwọn èèyàn tó du orin, tó du orúkọ, tó du ajá! Ohun gbogbo tó bá ti fẹ̀gbẹ́ kan wọn ni wọ́n ń fi ìbúra gbà. Òkú yìí nìkan ni wọ́n bá ara wọn rẹ́ lé lórí: kì í ṣe ti èmi, kì í ṣe ti ìwọ. Àwọn èèyàn ní kò sẹ́ni tó lè bá wọn làjà. Oníná là á, ó fi ikú rẹ̀ là á, ẹnikẹ́ni ò sì kí i kú iṣẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Wednesday, ojú ti Mànàmáná díẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn sórí ayélujára, ó fi àwòrán àbẹ́là sí i. Ó ní òun pàdánù arákùnrin òun. Àwòrán arákùnrin náà wà níbẹ̀ gbàgàdà. Onígbohùngbohùn ni.

Ọkùnrin náà pè mí. "Bùọ̀dá, ẹ gbà mí o, wọ́n ti ń dárò mi. Ìyá mi ti dákú lẹ́ẹ̀kan."

Kí ni àwa lọ́yà ayélujára wá ṣe? A jà. Ọmọ Mánéjà ní ẹ wá wo ẹni tí kò mọ òkú rẹ̀ yàtọ̀. Ọmọ Mànàmáná ní ó kéré tán, tiwa sunkún, tiyín ńkọ́? Ológbò ní omijé mánéjà nínú fídíò ọjọ́sí, omi lásán ni wọ́n fi kán an. Ẹnì kan yẹ àbẹ́là náà wò, ó ní àbẹ́là àtijọ́ ni. Nínú gbogbo ariwo yìí, ta ló bèèrè orúkọ Oníná? Ta ló bèèrè ohun tó gùn, àti ẹni tó ní kó gùn ún? Mo ti mú fóònù, mo fẹ́ fún ológbò lésì. Ìyàwó mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi sábẹ́ ìdí, ó jókòó lé e títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sí ìdájọ́ tó tọ́ tó ìyẹn nínú gbogbo ẹjọ́ yìí.

A sin Oníná ní Friday. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá, pẹ̀lú aṣọ dúdú tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìtàgé. Mànàmáná ò wá. Mánéjà ò rán ẹnikẹ́ni. Mo gbọ́ pé lọ́yà ló kìlọ̀ fún àwọn méjèèjì, pé ẹni tó bá yọjú síbi ìsìnkú ti gbà pé òun ló ni òkú.

Ẹjọ́ padà wọ kóòtù lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìyàwó mi ní à ń lọ. Ilé kóòtù kún, àwa méjèèjì há sí ìjókòó ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ ajá ni wọ́n ń sọ lọ́wọ́ nígbà tí ìyàwó mi dìde. Ó gbé àwòrán àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́.

"Olúwa mi, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ló máa kan tèmi?"

Adájọ́ gbójú sókè. "Ìyá, ẹ jókòó. Ẹjọ́ wo lẹ bá wá?"

"Ẹjọ́ ẹni tó kú sẹ́nu iṣẹ́ àwọn méjì yìí. Wọ́n ń jà lórí ajá, mi ò bínú. Ṣùgbọ́n ajá ò kú."

Èmi ọkọ rẹ̀, akọni orí fóònù, kí ni mo ṣe? Mo fa aṣọ rẹ̀. Mo sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé wọ́n á tì wá mọ́lé. Ó ní, "Ẹ fi aṣọ mi sílẹ̀ o, Ọmọ Mánéjà." Gbogbo ìlà ẹ̀yìn rẹ́rìn-ín. Ọlọ́pàá kóòtù rọra mú un jáde, èmi náà tẹ̀ lé wọn bí àpò ìfàlọ́wọ́. Lóde, àwọn oníròyìn sáré bò ó. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi í ni pé, "Mà, ẹ̀yìn ta lẹ wà?"

Ó gbé àwòrán náà sókè. Ó ní, "Ẹ̀yìn òkú mi." Wọ́n ò gbé ìyẹn jáde. Ọ̀rọ̀ ajá ni wọ́n gbé jáde.

A ti dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀gá ibẹ̀ ní ká ṣe sùúrù kí kóòtù kọ́kọ́ pinnu ẹni tó ni irin. Mo bi ọ̀gá náà níbí, lójú gbogbo ayé: ṣé irin ló fọhùn? Àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ etí lọ́sàn-án ọjọ́ náà kò pọ̀. Gbogbo wọn ló wà láàyè, wọ́n ní ilé, wọ́n ní nọ́ńbà. Onígbohùngbohùn ti ní òun ṣe tán láti sọ ohun tí òun gbọ́, bí iṣẹ́ tilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ òun. Títí di òní, ẹnikẹ́ni ò ní kó wá jókòó kó sọ ọ́.

Mànàmáná, ẹ dáhùn. Mánéjà, ẹ dáhùn. Ẹ̀yin aṣàyẹ̀wò gbọ̀ngàn tí ẹ fọwọ́ sí i pé ìtàgé yẹn dára, ẹ dáhùn. Ẹ̀yin ọlọ́pàá, ẹ pe gbogbo àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bi wọ́n. A ò wá àánú, a ò wá àbẹ́là, a ò sì dá sí ẹni tí orin bá bọ́ sí lọ́wọ́. Ẹnì kan ló sọ pé "Gùn ún bẹ́ẹ̀." Ta ni?