Ìtúfọ̀ Tó Ṣáájú Àwọn Àgbà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó bímọ ní àdúgbò Narayi, ní Kaduna, ẹni tó ń kó lọ, ojúlé tí ajá ti ń bu èèyàn jẹ, àti ìdí tí iná ò fi sí láti ọjọ́ Àìkú, kò sí ìdí tí ẹ ó fi jáde nílé. Ẹ ṣáà ṣí búlọ́ọ̀gì Ìyá Tolú lórí fóònù yín. Folúṣadé lorúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Mọ̀pà, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti bí Tolúwaṣẹ, ta ló tún ń pè é bẹ́ẹ̀? Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí Ernest ọkọ rẹ̀ kú, tí ilé dá páropáro, Tolúwaṣẹ wá láti Abuja, ó rí i pé ìyá òun ti ń bá rédíò jiyàn, ló bá ṣí ojú ewé kan fún un lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Màámi, ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ máa kọ. Àwọn èèyàn á kà á."

Ọmọ náà rò pé ìyá òun á kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á sì sú u. Kò mọ ìyá rẹ̀ dénú. Obìnrin tó jẹ́ pé bí àna rẹ̀ bá kọ lẹ́tà sí i, bírò pupa ló fi máa ń tún un ṣe kó tó fèsì, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìwé kíkọ yóò sú?

"Ará Narayi" ló pe búlọ́ọ̀gì náà. Yorùbá ló fi ń kọ ọ́, á máa bu Hausa àti Òyìnbó mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó kọ nípa kànga tó gbẹ, tíráńsífọ́mà tó jó, àwọn tó ń da ìdọ̀tí sójú àgbàrá. Kò dá ẹnikẹ́ni sí: pásítọ̀ rẹ̀ pàápàá, ó kọ nípa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí àdúgbò sùn. Àwọn tó wà nítòsí ń kà á, ṣùgbọ́n àwọn tó ti kó kúrò ló ń kà á jù. Ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí bani nínú jẹ́. Lọ́dún 2000, nígbà tí ìjà ẹ̀sìn gba Kaduna kan, ìlú pín sí méjì. Àwọn Mùsùlùmí tó wà lápá gúúsù kó kọjá odò lọ sí àríwá, àwọn Kìrìsìtẹ́nì tó wà ní àríwá kó wá sí gúúsù. Afárá ṣì wà níbẹ̀ o, àwọn èèyàn sì ń gbà á kọjá lọ ṣòwò lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kálukú ń padà lọ sùn sí ọ̀dọ̀ àwọn tirẹ̀.

Hassanat wà lára àwọn tó kó lọ. Ọmọ Ìlọrin ni, Tàjúdéènì ọkọ rẹ̀ sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Òun àti Folúṣadé jọ gbé inú ilé kan ní Narayi, yàrá wọn kọjú síra, ilé ìdáná kan náà ni wọ́n ń lò. Bí ọ̀kan bá lọ sọ́jà, èkejì á bá a fún ọmọ rẹ̀ lóúnjẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó lọ, Folúṣadé ló fa Munir, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Hassanat bí, lọ́wọ́ dé ìdí ọkọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìpàdé wọn di ti ìkómọ àti ti òkú. Tàjúdéènì kú sí Tudun Wada, ní òdìkejì odò, Ernest kú sí Narayi.

Búlọ́ọ̀gì yìí ló tún so wọ́n pọ̀. Hassanat ń ta òwú, síìpù àti bọ́tìnì níwájú ilé rẹ̀, kò sì sí ohun tí Folúṣadé kọ tí kì í kà. Á kọ èsì sísàlẹ̀ rẹ̀: "Ìyá Tolú, wallahi o pa mí lẹ́rìn-ín." Tàbí kó ní, "Kí ló dé tó ò sọ ti orúnkún rẹ?" Lẹ́yìn náà á tún pè é, wọ́n á sì tún gbogbo ohun tó kọ sọ látòkè délẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kankan nínú wọn ò kà á. Folúṣadé ò ní ọ̀rẹ́ mìíràn tó mọ òun tó bẹ́ẹ̀, kò sì rò pé òun ṣì lọ́jọ́ lórí tó láti wá òmíràn. Hassanat ló kù fún un.

Munir ti dàgbà. Iṣẹ́ iná ló ń ṣe, ó ń gbé sólà sórí òrùlé fún àwọn èèyàn. Bí iṣẹ́ bá gbé e wá sí Narayi, á yà sọ́dọ̀ Folúṣadé, á sì jẹ ohunkóhun tó bá bá lórí iná. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pè é pé òun ń bọ̀. Kò dé. Tírélà kan tí bíréèkì rẹ̀ já ló kọlu kẹ̀kẹ́ Napep tó wọ̀ lójú ọ̀nà Kachia. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ẹ̀mí ti bọ́. Nọ́ńbà Folúṣadé ló pè gbẹ̀yìn, òun náà ni wọ́n sì pè.

Ó lọ, ó dá ọmọ náà mọ̀, ó sunkún níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣe ohun tó yẹ kí àgbà ṣe: ó pe Alfa Àbdùlkàrímù, àbúrò Tàjúdéènì, tó jẹ́ lèmọ́ọ̀mù àwọn ará Ìlọrin ní Tudun Wada.

Alfa gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ìnnà lílláhì. Ìyá Tolú, ẹ ṣeun. Ẹ má sọ fún un o. Ẹ má pè é rárá. Àwa àgbà á kóra wa jọ, a ó lọ bá a lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ẹ jẹ́ kó rí nǹkan fi sẹ́nu ná."

Bí a ti ń ṣe é nìyẹn, àti Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Ikú ọmọ kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá gbé lọ bá ìyá ọmọ. Àwọn àgbà á lọ, wọ́n á jókòó, wọ́n á béèrè omi, wọ́n á sọ̀rọ̀ nípa bí ayé ṣe rí, wọ́n á ní ara ọmọ ò fi bẹ́ẹ̀ yá, títí ìyá náà fúnra rẹ̀ á fi gbọ́ ohun tí wọn ò tíì sọ. Obìnrin kan á ti wà lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò dì í mú. Ìtúfọ̀ là ń pè é, a kì í sì í kánjú ṣe é.

Folúṣadé padà sílé. Wọn ò tíì kírun Àyìlà, ká má tíì wá sọ ti Alásárì. Kò lè jẹun, kò lè jókòó. Kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọ́ fún, nítorí ẹni tó máa ń sọ ohun gbogbo fún gan-an ni kò gbọdọ̀ gbọ́. Ó bá gbé fóònù. Kí ẹnikẹ́ni má yára bá a wí. Bí ìbànújẹ́ bá dé, ohun tó mọ́ kálukú lára náà ló ń ṣe. Ẹlòmíràn á gbálẹ̀, ẹlòmíràn á fọṣọ. Folúṣadé kọ̀wé.

Ó mọ òfin ìtúfọ̀. Kò dárúkọ ọmọ, kò dárúkọ àdúgbò, kò sọ ti tírélà. Ó kàn kọ pé ọmọ kan ti lọ lónìí, ọmọ tí kì í lè gba ààwẹ̀ dé ìrọ̀lẹ́ nígbà tó wà ní kékeré, tó máa ń yọ́ wá sí yàrá òun wá mu kókó, tí yóò sì fi kọ́tìnì òun nu ẹnu kí ìyá rẹ̀ má baà mọ̀. Ó kọ pé òun ò fọ àbàwọ́n náà kúrò títí kọ́tìnì fi gbó. Kò tíì kọ ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó tún un kà, ó wò ó bóyá ẹnikẹ́ni lè mọ ẹni tó ń sọ, ó rí i pé kò sí, ló bá fi ránṣẹ́.

Lóòótọ́, kò sí àjèjì tó lè mọ̀ ọ́n. Láyé tó kù yìí, èèyàn méjì péré ló mọ̀ nípa kọ́tìnì yẹn: ẹni tó ni ín, àti ìyá tó ká ọmọ rẹ̀ mọ́bi tó ti ń nu ẹnu, tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Gbogbo ayé ni Folúṣadé fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún, àfi ẹnì kan ṣoṣo tó yẹ kó fi í pamọ́ fún.

Èsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Veronica kan kọ̀wé láti Lọ́kọ́ja pé òun ń sunkún níbi iṣẹ́. Ẹlòmíràn kọ ọ́ ní Hausa pé kí Ọlọ́run ṣàánú ọmọ náà. Lẹ́yìn ìrun Àyìlà, èyí tí kò gùn wọlé láti ọ̀dọ̀ Hassanat:

"Ìyá Tolú, ọmọ ta ni? Mo ń pe Munir, kò gbé e."

Folúṣadé sáré padà sí ojú ewé náà. Ó ń wá ibi tí wọ́n ti ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́, kò rí i. Ibi tó ti ń wá a ni fóònù ti dún, orúkọ Hassanat ló sì jáde. Ó tẹjú mọ́ ọn. Alfa ti ní kó má sọ. Bó bá gbé e, ohùn rẹ̀ á tú àṣírí, a ó sì wá túfọ̀ fún ìyá ọmọ lórí fóònù láìsí ẹni tí yóò dì í mú. Ó jẹ́ kó dún títí ó fi dákẹ́. Ó tún dún. Ó ki fóònù bọ abẹ́ ìrọ̀rí, ó wọ bàtà, ó sáré jáde lọ wá kẹ̀kẹ́.

Kó tó kọjá afárá dé Tudun Wada, ilé ti kún. Àwọn aládùúgbò ti gbọ́ igbe. Hassanat jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn òwú tó dànù, kò sì gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, Alfa àti àwọn àgbà dé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀, wọ́n sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tàwọn ti ọ̀rọ̀ tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Alfa wo Folúṣadé. Kò bú u. "Sai hákúrì, sùúrù ló kù," ló sọ, ó sì yí ojú kúrò. Ẹyin lohùn, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tó bá ti fọ́ tán la máa ń rántí. Wọ́n sin Munir kí oòrùn tó wọ̀.

Folúṣadé pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, àmọ́ àwọn èèyàn ti dà á kọ, wọ́n ti ń fi ránṣẹ́ síra wọn kiri. Ó dúró kí wọ́n ṣe fìdáù, kí èrò tú ká. Lẹ́yìn náà ló tó lọ.

Hassanat gbà á dáadáa. Ó fún un lómi, ó béèrè Tolúwaṣẹ, ó béèrè orúnkún. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà á. Folúṣadé gbé omi kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ tòun ti orúnkún tó ń dùn ún.

"Hassanat, dárí jì mí. Kò yẹ kí n kọ ọ́."

"Dìde, jàre. Mi ò bínú sí ohun tó o kọ. Ó dára. Ó ti há sí mi lórí."

"Kí ló wá dé tó ò fi pè mí láti ìgbà náà?"

Hassanat ń to síìpù sínú páálí. Kò dáwọ́ dúró.

"Nígbà tí mo kà á, mo ti mọ̀. Ta ni ò ní mọ ọmọ rẹ̀? Kì í ṣe torí pé mo fẹ́ bi ọ́ ni mo ṣe pè ọ́. Èmi nìkan ni mo wà nílé, Ìyá Tolú. Mo ní bó bá jẹ́ pé ohùn rẹ ni mo fi gbọ́ ọ, màá lè gbà á. Mo pè, mo pè. O rí i pé èmi ni. O jẹ́ kó máa dún."

"Alfa ló ní kí n má sọ. Mo ní àwọn àgbà ló yẹ kó..."

"Mo mọ̀. Àwọn àgbà ló yẹ kó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n o ti sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn kí n tó pè ọ́. Èmi nìkan lo wá rántí àṣà fún."

Òótọ́ ni obìnrin náà sọ. Nígbà tí ladáànì pe ìrun, Hassanat dìde lọ ṣe àlùwàlá. Ó ní, "Máa lọ kí ọkọ̀ tó dí lórí afárá. Tó o bá délé, pè mí."

Ó délé, ó sì pè é. Kò tíì dún tán lẹ́ẹ̀kan tí Hassanat fi gbé e.

"O ti délé?"

"Mo ti délé."

"Alhamdulillahi. Ó dàbọ̀."

Folúṣadé ṣì gbé fóònù náà sétí fún ìgbà díẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ mìíràn ń bọ̀. Hassanat ti pa tirẹ̀. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó sì sunkún bí ẹni pé ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún òun.