Rọ́ọ̀gì tí Mo Gbé Lọ sí Bẹ́ẹ̀rẹ̀

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi gbé rọ́ọ̀gì náà jáde nílé mi l'Óṣogbo. Òwú irun àgùntàn ni mo fi ṣe é, mo so ó ní kókó kọ̀ọ̀kan lórí òfì títí ó fi nípọn. Bàbá mi ni mo ṣe é fún. Ẹsẹ̀ ń ro ó, sìmẹ́ńtì yàrá rẹ̀ ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn sì tutù. Látìgbà tí mo ti torí iṣẹ́ ọwọ́ yìí fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, kò bi mí nípa rẹ̀ rí. Mo fẹ́ kó gbé ẹsẹ̀ lé e, kó ní ó dáa. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ní gáréèjì. Ní Ìkirè, mo ra dòdò wọn, èyí tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ jù dín, tó dúdú, tó sì ta lẹ́nu. Mi ò lè jẹ ẹ́ tán. Òjò ń rọ̀ títí a fi dé Ìwó Road. Ibẹ̀ ni mo ti wọ Máíkírà, takisí kékeré tí èèyàn méjì ń há ara wọn mọ́ níwájú.

"Mà, ṣé òkúta lẹ dì síbẹ̀ ni?" Dẹ́rẹ́bà ló ń bi mí.

"Rọ́ọ̀gì ni."

"Ẹ yáa gbé e lé itan o, omi wà nílẹ̀ ọkọ̀."

Nígbà tí mo dé Bẹ́ẹ̀rẹ̀, Bàbá jókòó létí bẹ́ẹ̀dì. Mo tẹ́ rọ́ọ̀gì sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọ̀ ẹlú ló yí i ká, àárín rẹ̀ funfun lọ gbansasa bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde òní, mo sì fi òwú pupa ya àbàjà Bàbá síbẹ̀. Inú fọ́tò rẹ̀ ni mo ti wò ó.

Àǹtí Sàdíà, àbúrò Bàbá tó ń tọ́jú rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Àbẹ̀kẹ́, kí ni mò ń wò yìí?"

"Ilà ojú Bàbá ni, mà."

"O wá tẹ́ ẹ síbi ẹsẹ̀?"

Kò sẹ́ni tí wọ́n kọ ilà fún nínú àwa ọmọ. Ọnà tó rẹwà ni mo rí.

Ojú Bàbá ò ríran dáadáa mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ àwọn ìlà náà, ó wá fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.

"Iṣẹ́ rẹ dáa," ló wí.

Lẹ́yìn náà ló gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbé wọn padà sórí sìmẹ́ńtì.

"Ká a. Ojú bàbá tèmi náà nìyẹn."

Mo ká a. Àǹtí gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó dùn mí gan-an, mi ò sì rẹ́ni bínú sí.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo padà dé Òṣogbo. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé mo mọ ojú bàbá mi yà, àmọ́ mi ò mọ̀ pé ojú ni. Irú rọ́ọ̀gì náà kan, tòun ti àbàjà rẹ̀, ṣì wà lórí òfì, tí hòtẹ́ẹ̀lì kan l'Ékòó ní kí n ṣe fún ẹnu ọ̀nà wọn, níbi tí àwọn àlejò á ti máa nu bàtà. Mi ò tíì bọ́ aṣọ ìrìn àjò tí mo fi jókòó tì í, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú kókó òwú pupa náà.