Ìwé Ìbímọ Tí Wọ́n Bá Ìyá Mi Tọ́jú

Inú ṣì ń bí mi. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹni tó bá ń retí ìtàn jẹ́jẹ́ má baà dá mi lẹ́bi tó bá yá. Àwọn kan gba ìwé lọ́wọ́ ìyá mi pé àwọn fẹ́ bá a tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ débi pé àwọn tó ni ín kò rójú rẹ̀ mọ́.

Agbẹ̀bí ni ìyá mi. Kí wọ́n tó bí mi ló ti ya yàrá mẹ́ta sọ́tọ̀ nínú ilé wa lẹ́yìn Siluko Road, tó kó bẹ́ẹ̀dì sí i, tó sì gbàwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba. Ọmọ Edo, ọmọ Urhobo, ọmọ Ìgbò, ọmọ àwa Yorùbá tí iṣẹ́ gbé wá sí Benin, gbogbo wọn ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Bí ọmọ bá ti ké, tí ara ìyá ọmọ sì ti balẹ̀, ìyá mi á fọwọ́, á jókòó, á fa ìwé ńlá kan yọ, á kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, aago, bí ọmọ ṣe wúwo tó, orúkọ bàbá àti ìyá. Kò ní dúró síbẹ̀. Á tún fi ohun tójú rẹ̀ rí kún un. "Òjò ń rọ̀. Bàbá ọmọ wà ní oko rọ́bà, kò tíì gbọ́." "Ìyá ọmọ ń bínú sí ìyakọ rẹ̀." Irú báyẹn. Àpótí páànù méjì ni àwọn ìwé náà kún.

Àwọn èèyàn máa ń wá wò ó. Ẹni tó fẹ́ gba ìwé ìrìnnà á wá, ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì á wá. Àwọn ìbátan méjì tiẹ̀ wá rí tí wọ́n ń jà lórí ta ni ẹ̀gbọ́n. Ìyá mi á wọ awò ojú rẹ̀, á ṣí i, á ní, "Wò ó, ìwọ rèé." Ẹni tó jẹ́ àbúrò nínú àwọn méjì yẹn bínú lọ, kò kí wa fún ọdún kan.

Nígbà tí àwọn ológun ṣì ń ṣèjọba, ìdí àpótí kan dógùn-ún, ikán sì gba ibẹ̀ wọlé. Ọ̀gá kan tó ń kọ́ni nípa ìtàn ní yunifásítì, ọmọ ẹgbẹ́ ìlú wa, ló gbọ́. Ó wá sílé wa tòun ti kóòtù àti táì, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá mi lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní yàrá kan wà lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí, ìwé ìdílé àti ìwé àgbègbè, pé ẹ̀rọ amúlétutù kì í kú níbẹ̀, pé ikán kò lè débẹ̀ láéláé.

Ìyá mi ní, "Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bí sọ́wọ́ mi, tó bá dé pé òun fẹ́ rí ìlà tòun, kẹ́ ẹ ṣí i fún un."

"Háà, Màmá! Ta ló máa dá wọn dúró?" ni ọ̀gá náà wí.

Ìyá mi kọjú sí mi. "Fún un ní bébà, kó kọ ọ́ sílẹ̀."

Ojú tì mí. Mo sọ ọ́ sí i létí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún yín báyìí, ẹ tún fẹ́ kó tọwọ́ bọ̀wé, bíi pé ó fẹ́ sá lọ?" Èmi ni mo kún fọ́ọ̀mù tí ọ̀gá náà mú wá, n kò sì kọ ìlérí yẹn sí i. Ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ ni ìwà, àtikékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ìyá mi tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ nǹkan sílẹ̀ ní kí wọ́n kọ èyí sílẹ̀, èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ ní kí wọ́n má kọ ọ́. N kò tíì dárí ji ara mi.

Ó lé lọ́dún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí obìnrin kan wọlé tọ̀ wá wá. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la ń lọ. Káfíńtà ará Ọ̀wọ̀ ni bàbá rẹ̀, ìyá mi ló sì gbẹ̀bí ìyá rẹ̀. Akọ̀wé ni níléeṣẹ́ ìjọba kan. Wọ́n ń yẹ fáìlì wò níbẹ̀, wọ́n wá rí ìwé iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó fi ọdún mẹ́ta kún ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ijọ́un: ọmọ á na ọwọ́ gba orí kọjá, bí ó bá kan etí kejì, ó ti tó iléèwé lọ. Ọwọ́ ọmọ yìí gùn, ó kan etí, hẹ́dímásítà sì kọ ọdún tó wù ú. Ní báyìí wọ́n ní ó gé ọjọ́ orí. Wọ́n fún un lóṣù kan péré kó mú ẹ̀rí wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa lọ sílé.

"Màmá, iṣẹ́ yẹn kọ́ ló ń dùn mí jù," ló wí. "Wọ́n ti ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ mi ask me yesterday, 'Mummy, na true say you lie?'"

Àwa mẹ́ta la jọ lọ sí yunifásítì. Ọkùnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí wa dáadáa. "Mama, welcome o. But na only researcher we dey allow. Una get letter?"

Ìyá mi ní, "Na me write the book."

"I know, Mama. But e don become our property." Ó fa fọ́ọ̀mù wa yọ, ó tẹ́ ẹ síwájú mi. "Show me where dem write say anybody fit come look am." Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni mo ń wò. Ọ̀gá tó dọ̀bálẹ̀ ti lọ ń kọ́ni lókè òkun. Wọ́n fún ìyá mi ní bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, obìnrin ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé. Afẹ́fẹ́ tútù tí wọ́n fi ń tọ́jú ìwé rẹ̀ ń yọ sí i lẹ́sẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà ní Ekiadolor ni mo ti ń kọ́ni nígbà náà. Mo bẹ ọ̀gá mi níbẹ̀, ó bá mi kọ lẹ́tà pé mò ń ṣèwádìí nípa ìtàn ìbímọ ní Benin. Wọ́n fún mi ní ìbọ̀wọ́ àti pẹ́ńsù, wọ́n sì yìn mí fún iṣẹ́ takuntakun. Èmi tí n kò gbẹ̀bí ewúrẹ́ rí! Irọ́ ni mo pa kí n tó rí ẹ̀rí pé ẹlòmíràn kò parọ́.

Mo rí i. Ọjọ́ tí obìnrin náà sọ gan-an ni. "Ọmọbìnrin. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Bàbá ń kan àga lọ́wọ́ nígbà tí a ránṣẹ́ sí i." Mo ní kí wọ́n bá mi ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Wọ́n ní àfi kí ìgbìmọ̀ jókòó. Mo kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀. Mo tún kọ. Ìyá mi lọ búra ní kóòtù pé òun lòun gbẹ̀bí ọmọ náà, wọ́n ní níléeṣẹ́ obìnrin náà pé ìbúra kò tó, pé ìwé dà? Oṣù pé. Ìgbìmọ̀ kò jókòó. Wọ́n dá obìnrin náà dúró, wọ́n sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ̀ pé ó parọ́ ọjọ́ orí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, yunifásítì náà fi káàdì olómi góòlù pè wá wá wo àfihàn ìwé àtijọ́. Tẹrú tọmọ ló lè wá lọ́jọ́ náà. Mínírà àti ìpápánu wà. Ìyá mi kọ̀, ó ní òun ti jókòó lórí bẹ́ńṣì wọn tó. Èmi àti obìnrin yẹn la lọ. Inú gíláàsì ni ìwé ìyá mi wà láàárín gbọ̀ngàn, wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ síbi tí mo ti béèrè rẹ̀ gan-an. Èmi ni mo là á síbẹ̀ kẹ́yìn, ó jọ pé kò sẹ́ni tó tún fọwọ́ kàn án láti ìgbà náà.

Obìnrin náà tẹ̀ ba. Ẹnu rẹ̀ ń mì bó ṣe ń kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló yọ fóònù rẹ̀ nínú báàgì.

"Madam, no snapping here," ẹ̀ṣọ́ kan ké mọ́ ọn, ó sì ń bọ̀. Obìnrin náà ti ń dá fóònù padà sínú báàgì.

Mo lọ dúró sáàárín àwọn méjèèjì, mo kẹ̀yìn sí gíláàsì náà.

"Ẹ yà á, ẹ̀gbọ́n mi," ni mo wí. "Ẹ rọra yà á, kí ọdún náà hàn ketekete. Ẹ lọ fi han àwọn ọmọ yín."