Òkùnkùn Inú Páálí Bàtà

Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí mi ní yunifásítì ní kí n yí àkòrí mi padà kó tó di ọjọ́ Ajé. Ó ní ìwádìí nípa ìwà àràmàǹdà ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe fún ẹni tó ń gbé Igando, níbi tí iná kì í ti í dúró.

"Wá nǹkan tó rọrùn ṣe jàre," ló wí.

Inú bí mi gan-an. Ká ní ó sọ pé mi ò mọ̀wé tó ni, ǹ bá rò ó wò. Àdúgbò mi ló fi díwọ̀n mi.

Bí ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín bá gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wáyà kékeré kan kọjá, ìlà-ìlà ló máa ń yọ lára ògiri. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ṣàmì sí i kó lè mọ ẹ̀gbẹ́ tó gbà, ìlà á pòórá. Pa àmì náà rẹ́, ìlà á padà. Ohun tí mo fẹ́ wádìí nìyẹn, mi ò sì fẹ́ òmíràn.

Mo lọ bá àwọn tó ń ṣa nǹkan lórí ààtàn, mo ra ojú tẹlifíṣọ̀n tó ti fọ́, mo sì bó ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ara rẹ̀. Ọ̀rá yẹn ló ń ṣàmì sí ìmọ́lẹ̀. Mo to gbogbo rẹ̀ sínú páálí bàtà, pẹ̀lú wáyà náà àti tọ́ọ̀ṣì pupa kékeré tí àwọn olùkọ́ fi ń nàka sójú pátákó. Bátìrì ló ń lò. Òkùnkùn ló kù, Igando sì ní in lọ́pọ̀.

Lágboolé wa, a kì í pa súìṣì bí iná bá lọ, torí gílóòbù la fi ń mọ̀ pé iná ti dé. Ìlà mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lára ògiri nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni gílóòbù tàn yòò, ìlà pòórá. Gbogbo ilé ń yọ̀, èmi nìkan ló pòṣé. Mo pa á. Ìyá tó ń gbé yàrá kejì yọjú.

"Ṣé iná ò dé ọ̀dọ̀ rẹ ni?"

"Ó dé, mà. Èmi ni mi ò fẹ́ ẹ."

"Ìwé ti da orí ọmọ yìí rú ṣá."

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé páálí mi lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Jẹnẹrétọ̀ ń ké, iná tàn káàkiri, a ò rí ìlà kankan. Ó ti ń mi orí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi pa iná."

Ó fa kọ́tìnnì bo fèrèsé, ó sì pa iná. Ìlà yọ. Mo fi ọ̀rá méjì sí ẹ̀gbẹ́ wáyà, ọ̀kan lóòró, èkejì ní ìbú, ìlà lọ. Mo yí ọ̀rá kẹta sí àárín òòró àti ìbú níwájú wọn, ó pa àmì rẹ́, ìlà padà.

"Ìgbì lásán, bí ti omi, náà lè ṣe èyí," ló sọ nínú òkùnkùn. "Bí o ò bá ka ìmọ́lẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, o ò tíì fi nǹkan kan hàn."

"Òótọ́ ni, sà. Ẹ̀rọ tó ń kà á ló kù mí kù. Kì í ṣe àdúgbò."

Ó na ọwọ́ sí súìṣì, ó tún fà á padà, ó ní kí n yọ ọ̀rá kẹta yẹn kí òun fi ọwọ́ ara òun fi í sí i.