Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò Oní-Pẹ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kì í ṣe èèyàn kékeré. Bí ó bá fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wọlé, bí ó bá sì jókòó, èmi àti àga la jọ ń gbàdúrà. Èmi ni mo máa ń rán ṣòkòtò péńpé tó fi ń jà, nítorí kò sí èyí tí wọ́n ń tà tó lè gba itan rẹ̀. Aṣọ tí mo fi ń rán ọ̀kan ṣoṣo, n bá fi rán búláòsì fún obìnrin mẹ́ta tó mọ ara wọn níwọ̀n.

Iṣẹ́ akẹ́rù ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń kó kúrò nílé kan lọ sí òmíràn, òun ló ń pè. Fíríìjì tí géńdé mẹ́ta ń làágùn lé lórí, òun nìkan á gbé e sẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ, á sì gun àtẹ̀gùn lọ. Orí àtẹ̀gùn náà ni òun àti kóòṣì ti pàdé. Kóòṣì jẹ́ ọkùnrin kúkurú kan tí ariwo pípa ti há lóhùn, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu kíkọ́ àwọn èèyàn ní ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù gòkè, etí kọ́bọ́ọ̀dù bá gbá a lulẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi apá kan gbá kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ àyà, ó na ọwọ́ kejì, ó gbé kóòṣì dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó sì ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́.” Ọwọ́ tó gbé e dìde ni kóòṣì ń wò. Ó tẹ̀lé e dé òkè, ó tẹ̀lé e padà sísàlẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wá ìbọ̀wọ́ tó gba ọwọ́ rẹ̀.

Bí kóòṣì bá ti fara balẹ̀ lọ́jọ́ náà ni, ì bá ti rí gbogbo ìyọnu tó ń bọ̀.

Ìyá wa ló fà á. Nọ́ọ̀sì ni ìyá wa kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ jù. Ohùn kan wà lẹ́nu wọn tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì. Ọmọ tó ń ké, tó ń ta nípàá nítorí abẹ́rẹ́, bí ó bá ti gbọ́ “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́,” gbogbo ara rẹ̀ á dẹ̀, kò ní mọ̀ pé wọ́n ti gún un tán. Òfin kan sì wà nílé wa tó ju gbogbo òfin lọ: ẹni tó bá ṣubú níṣojú rẹ, o gbọ́dọ̀ sọ pẹ̀lẹ́ fún un, kí o sì gbé e dìde. Ì báà jẹ́ ọ̀tá rẹ. Ì báà jẹ́ ìwọ lo tì í. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ̀gbọ́n mi sì kó tirẹ̀ ròde láì ku ẹyọ kan.

Àwọn oníjà ẹ̀ṣẹ́ náà ní òfin tiwọn. Bí o bá lu ẹnì kejì rẹ ṣubú, kíá ni kí o fi í sílẹ̀, kí o lọ dúró sí igun ọ̀tọ̀. Ìgbà tí o bá débẹ̀ ni rẹfirí máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení, èjì. Bí ó bá ka ẹ̀wá tí ẹni yẹn kò dìde, o ti borí. Ṣùgbọ́n bí o kò bá lọ, rẹfirí kò ní kà.

Èmi ni mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi àti tówẹ̀lì lọ́jọ́ ìjà rẹ̀ àkọ́kọ́, torí kóòṣì ní ẹnu mi nìkan ló ń ba ẹ̀gbọ́n mi lẹ́rù. Ọkùnrin kan tí kò lọ́rùn, tí orí rẹ̀ kàn jókòó sórí èjìká, ni wọ́n fà kalẹ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi kan án ní ẹ̀ṣẹ́ kan péré, ọkùnrin náà lọ sílẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì. Èmi àti kóòṣì ti fò mọ́ra wa. Ìgbà tí a máa wo ojú ìjà, ẹ̀gbọ́n mi ti kúnlẹ̀, ó fi ìbọ̀wọ́ méjèèjì gbá ọkùnrin náà lẹ́rẹ̀kẹ́ mú, ó ń bi í pé ṣé kò dùn ún púpọ̀. Rẹfirí ń fà á nídìí bí ẹni fa mọ́tò tó rì sínú ẹrẹ̀. Kó tó fà á kúrò, ọkùnrin aláìlọ́rùn ti sinmi tán, ó ti dìde, ó tilẹ̀ ti dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbá ẹ̀gbọ́n mi nímú.

Bó ṣe di gbajúmọ̀ nìyẹn. Ẹ-Kú-Ìṣubú ni àwọn èrò ń pè é, wọ́n sì ń wá láti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Ó borí ọ̀kan tó ga tí wọ́n ń pè ní Òpó-Iná, lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ lù ú ṣubú, tó gbé e dìde, tó tún lù ú, tó tún gbé e, títí tí Òpó-Iná fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí òun wà nílẹ̀. Nígbà kan, ó tẹ rẹfirí lẹ́sẹ̀, ó yíjú láti bẹ̀ ẹ́, ẹni tí wọ́n jọ ń jà bá fọ́ ọ létí. Ó ṣubú. Ó nawọ́ sókè láti ilẹ̀, ó ń retí ẹni tó máa fà á dìde, kò sẹ́ni tó wá. Nígbà tó padà sọ́dọ̀ mi, ó bi mí pé ṣé wọn ò kọ́ ọmọ yẹn nílé ni.

Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n inú tún bí mi. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti já ọgbọ́n. Ẹni tó bá ti rẹ̀ nínú wọn á wá ibi tó dáa, á rọra wó lulẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n mi lè wá tọ́jú rẹ̀. Kóòṣì sọ títí. Ó ní pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo, pé àwọn èèyàn yìí ń fi tiwọn rẹ́ ẹ jẹ. Ó so àpò iyanrìn tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ rọ̀, ó ní kó lù ú, òun á já a lulẹ̀, kó sì rìn kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi rìn dé ìdajì ọ̀nà, ó padà, ó lọ gbé àpò iyanrìn dìde, ó fi í ti ògiri.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí wọ́n fi ní kó wá bá ọ̀gá gbogbo àwọn òmìrán abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò jà nítorí bẹ́líìtì tí wọ́n ń dè mọ́ ìdí ẹni tó bá borí. Kóòṣì ní àǹfààní tó kẹ́yìn nìyí: ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ọmọdé mọ́, bí ó bá sì tún gbé ẹnikẹ́ni dìde, kó padà sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, òun kò kọ́ ọ mọ́. Ọ̀gá yẹn ní tiẹ̀ ti ń fọ́nnu lórí rédíò pé bí ó bá ti rẹ òun, òun á lọ dùbúlẹ̀, òun á dúró de olùtọ́jú.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í sọ ohun tó wù ú. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó mú téèpù tí mo fi ń wọn èèyàn, ó fi wé ìdí ara rẹ̀, ó wá bi mí pẹ̀lú ohùn kékeré pé ṣé bẹ́líìtì náà máa tó òun báyìí. Mo ní kó lọ borí ná. Ojú tì í, ó gbé téèpù sílẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè rán aṣọ oníbàárà kankan mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Mo bá gba ilé ìyá wa lọ. Wọ́n ń ká aṣọ ìbùsùn ní igun sí igun, bí wọ́n ṣe ń ká a ní ọsibítù. Mo ní ẹ̀kọ́ wọn ló fẹ́ ba iṣẹ́ ọmọ wọn jẹ́, kí wọ́n sọ fún un pé òfin ilé kò dé ojú ìjà. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ṣé ẹni tó bá ṣubú níbẹ̀ kò ní ìyá ni. Mo fìbínú dìde, mi ò tilẹ̀ mu omi tí wọ́n gbé fún mi. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó bi mí pé ọjọ́ wo ni ìjà náà, àti pé ṣé àga ibẹ̀ ní ẹ̀yìn téèyàn lè fara tì.

Ìyá wa kò wá wo ìjà rí, torí wọn kò lè jókòó kí wọ́n máa wò bí wọ́n ṣe ń lu ọmọ ọlọ́mọ. Lọ́jọ́ yẹn, iwájú pátápátá ni wọ́n jókòó sí, báàgì wọn lórí itan. Bí ẹ̀ṣẹ́ bá ti ń ró, wọ́n á fi báàgì bojú.

Ìjà náà le. Ojú ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi wú, ọ̀gá yẹn sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mo rí i pé ẹ̀rín náà ti ń já, èémí ti ń há a. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ òsì gbá a, ọ̀gá sì wó lulẹ̀.

Kóòṣì fi tówẹ̀lì bo orí ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wo igun tó yẹ kó lọ, ó wo ẹni tó wà nílẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń dùn ún, pé ó mọ ohun tó fẹ́ sọ nù, síbẹ̀ kò lè ṣe é.

Ìyá wa dìde. Wọn kò pariwo. Ohùn wọ́ọ̀dù ni wọ́n lò.

“Ọmọ mi, má kúnlẹ̀. Lọ sí igun ẹ.”

“Màámi, ó ṣubú.”

“Mo rí i. Èmi ni màá bá ẹ kí i. Tẹ́nì kan bá ti kí i nínú ilé, gbogbo wa la ti kí i yẹn. Máa lọ.”

Ẹ̀gbọ́n mi lọ, wéréwéré, bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́. Rẹfirí bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìyá wa sún mọ́ ìdí okùn, wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n sì mú ìlérí wọn ṣẹ.

“Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́, o gbọ́? Dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Ó ti fẹ́ tán.”

Ọ̀gá la ojú kan. Ó wò wọ́n. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ki ìbọ̀wọ́ bọ abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì mí kanlẹ̀. Rẹfirí ka ẹ̀wá.

Kí wọ́n tó rí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi gbé sókè, ó ti sáré lọ fa ọ̀gá dìde.

Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀gá fẹ́ jà. Rẹfirí ní òun kò mọ òfin kankan tó ní kí ìyá èèyàn má kíni. Ìyá wa kò dá sí àwọn yẹn, wọ́n kó wa lọ sí yàrá tí ọ̀gá ti ń wọṣọ, wọ́n fọwọ́ kàn án níwájú orí, wọ́n bi í pé ṣé òun méjì kọ́ ló ń rí. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́. Ó ní nígbà tí òun gbọ́ pẹ̀lẹ́, òun rò pé ọwọ́ tó máa gbé òun ti ń bọ̀, lòun ṣe dúró. Ó ní àti pé láti kékeré tí òun ti ń ṣubú, ẹnikẹ́ni kò bá òun sọ̀rọ̀ báyẹn rí. Ìyá wa ní kó máa bọ̀ nílé nígbàkígbà, ó sì ń wá di òní, ó ń bá wọn ká aṣọ ìbùsùn.

Wọ́n gbé bẹ́líìtì wá. Ẹ̀gbọ́n mi fà á yí ìdí, ó mí sínú, ó tún fà á, etí kejì kò dé ọ̀dọ̀ etí kìíní. Ó wò mí, ojú rẹ̀ rọ̀ bí ti ọjọ́ tó wá mú téèpù mi.

Mo ṣí báàgì mi. Àlékún bẹ́líìtì tí mo ti rán kalẹ̀ wà níbẹ̀, aláwọ̀ dúdú, tí mo fi òwú méjì ṣe kó má baà já.

“Ìgbà wo lo rán an?”

“Lọ́jọ́ tó o wá wọn ìdí.”

“Àṣé o gbà pé mo máa borí?”

Mo ní kó dúró jẹ́ẹ́, kí n lè ráyè dè é.