Ẹ Má Jí I Dè Wá

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ọ̀tà níbí, orí wa ni mọ́tò bàbá mi. Káfíńtà ni, àwa ọmọ rẹ̀ la sì ń ru àga àti tábìlì lọ fún àwọn oníbàárà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ò lè gbàgbé bí òṣùká ṣe máa ń gbóná lórí ẹni lọ́sàn-án gangan. Tí àga bá wá lọ họ lára lọ́nà, ìfọ́tí ń dúró de èèyàn nílé, ẹ̀bà tá a máa jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà ò ní rí ẹran.

Nígbà tó yá, bàbá mi ní òun máa ra mọ́tò àlòkù. Owó ọwọ́ rẹ̀ ò tó nǹkan, àfi ìgbà tí ìyá mi ta ewúrẹ́ rẹ̀ kún un. Tí mọ́tò náà bá daṣẹ́ sílẹ̀, a ti padà sídìí òṣùká nìyẹn. Ọrùn mi ni mò ń rò ní tèmi.

A lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta mọ́tò, méjì ló ní. Ọ̀kan ń dán gbinrin. Èkejì ti dípẹtà, okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọkùnrin náà yí kọ́kọ́rọ́ èyí tó ń dán, ó dún lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí eyín ọ̀kánkán fi hàn.

Ewúrẹ́ ni ìyá mi ń rà tà. Kì í ra ọ̀kankan láìjẹ́ pé ó rí i bó ṣe ń dìde láàárọ̀, torí èyí tó ń ṣàìsàn, wọ́n á ti gbé e dìde kí oníbàárà tó dé. Ó gbé àtẹ́lẹ́wọ́ lé iwájú mọ́tò náà.

"Ara rẹ̀ mà gbóná o. Ṣé ibà ń ṣe é ni?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, irin ni o, kì í ṣe ewúrẹ́!"

"Mo gbọ́. Irin kejì yẹn tutù. Ta ló jí èyí ká tó dé?"

Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín mọ́.

"A ń bọ̀ ní ìdájí ọ̀la," ni ìyá mi wí. "Ẹ má jí i dè wá."

Lọ́jọ́ kejì, ìrì ṣì wà lára àwọn mọ́tò náà. Èyí tó ń dán wúkọ́, ó wúkọ́, ó dákẹ́. Onílẹ̀kùn okùn dún lẹ́ẹ̀kan, ó ń gbọ̀n jìgìjìgì, ṣùgbọ́n kò kú. Òun la rà. Ẹran la fi owó tó ṣẹ́ kù rà. Mọ́tò yẹn náà ló kó ẹrù mi lọ sílé ọkọ.

Lóde òní, inú fóònù ni wọ́n ti ń wo mọ́tò. Rónkẹ́, ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí, ń ṣiṣẹ́ ní Agbára, ó sì ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ kó lè ra tòkunbọ̀ kékeré kan. Ó fi àwòrán ọ̀kan tí wọ́n ń tà ní Ṣàngó hàn mí. Ó ń dán gbinrin. Mo gbé àtẹ́lẹ́wọ́ lé e.

"Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe fún fóònù mi?"

"Mò ń wò ó bóyá ara rẹ̀ gbóná." Ó sì gbóná lóòótọ́!

Ó fi mí rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n lánàá, mo gbọ́ ọ tó ń bá ẹni tó ń ta mọ́tò náà sọ̀rọ̀:

"Bùrọ̀dá, èmi àti màmá mi ń bọ̀ ní ìdájí ọ̀la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jí i dè wá."